Àwọn Tó Ń Mu Omi Nísàlẹ̀ Odò Wa

Jìmọ̀ọ̀, dúró níbẹ̀! Má tíì gbé garawa yẹn lọ. Ọ́ìlì dúdú tí o tú lábẹ́ ọkọ̀, tí o sì dà sójú gọ́tà tó ń ṣàn lọ sódò, mo rí i. Ojú tó rí ẹkùn láàárín ewé gbígbẹ, ṣé ọ́ìlì ni kò ní rí lọ́sàn-án gangan? Ṣíọ̀! Ẹ wò ó bó ṣe ń dán lórí omi. Ó kó mi nírìíra.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ wá jókòó. Ẹ̀yin tó ń bó ẹ̀gúsí, ẹ gbé àwo yín dání. Jìmọ̀ọ̀, gbé àga fún ìyàwó rẹ kí ìwọ náà jókòó tì í. Àbí o ò rí i pé oyún inú rẹ̀ ti wọ oṣù ìkúnlẹ̀? Ìtàn kan ń rùn lẹ́nu mi, mo fẹ́ tu ú jáde. Kò lórin, ẹ má wulẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ẹni tí inú rẹ̀ bá tètè ń rú, kó yáa ju orógbó sẹ́nu.

Èmi Ọdẹ́rìndé nìyí, èmi tí mo fi ọwọ́ òsì di ìwo ẹfọ̀n mú, tí mo ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹ iṣu mi lọ. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìtàn yìí kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́dìran ará Àgbóndó ni, ọ̀gá tó kọ́ mi bí a ṣe ń ki ìbọn. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ fún mi. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, ẹ lọ bá a jà lọ́run.

Ní Àgbóndó, òfin odò le ju òfin ọba lọ. Odò Ẹlẹ́ja ló gba ẹ̀gbẹ́ ìlú wọn kọjá. Òkè odò ni wọ́n ti ń pọn omi mímu. Ẹnikẹ́ni kì í fọ ẹsẹ̀ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í fọ aṣọ, wọn kì í sì í jẹ́ kí ìkòkò tí ìdí rẹ̀ dúdú kan omi náà. Ẹni tó bá dán an wò, ewúrẹ́ ni yóò fi ṣètùtù. Ìsàlẹ̀ odò ni ibi ìdọ̀tí. Ibẹ̀ ni alápatà ti ń fọ ìfun màlúù, ibẹ̀ ni omi gbágùúdá ń ṣàn sí, ibẹ̀ ni àwọn oníkòkó ti ń ṣan ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín oògùn, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń ju ohun tí ọmọ ṣu sínú ọ̀rá sí. Ará Àgbóndó a máa yangàn pé kò sílùú tó mọ́ tó tàwọn. Bí àlejò bá bi wọ́n pé àwọn wo ló ń gbé nísàlẹ̀ odò, wọn a ní, "Ta ni ìbá tún máa gbébẹ̀? Igbó ni. Lẹ́yìn igbó, ọ̀sà."

Ìgbà tó yá, omi òkè odò gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ẹja ń léfòó, inú wọn wú, ojú wọn funfun. Ìfófòó pupa rúsúrúsú ń bo etí omi. Kànga tí wọ́n gbẹ́, bákan náà ló ń rùn. Ẹni tó bá fi wẹ̀ á máa họ ara. Ẹni tó bá mu ún á máa sáré lọ sẹ́yìnkùlé. Àwẹ̀ró, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọdẹ́dìran bí, bímọ, ìgbẹ́ gbuuru gbé ọmọ náà lọ kó tó mọ ẹ̀rín. Ó tún bí òmíràn, bákan náà ló rí. Àwọn aládùúgbò ní àbíkú ni. Nígbà tí Àwẹ̀ró tún lóyún, Ìyá Mojére, agbẹ̀bí ìlú, pe Ọdẹ́dìran sẹ́yìn ilé.

"Bàbá Àwẹ̀ró," ó ní, "ẹ jẹ́ kí n má tàn yín. Àbíkú kọ́. Omi tí mo fi wẹ àwọn ọmọ yẹn, ọwọ́ èmi àgbà gan-an bó. Ẹ wá omi tó mọ́ fún èyí tó ń bọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilẹ̀ la tún máa gbẹ́."

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ọdẹ́dìran gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó so kèǹgbè òfìfo mọ́ ìbàdí, ó sì dágbére fún ọmọ rẹ̀. Ó ní òun ń lọ síbi tí odò ti ṣẹ̀ wá. Òun á mọ àwọn ẹlẹ́gbin tó ń ba omi jẹ́, òun á sì bu èyí tó mọ́ wálé kí ọmọ tó dé.

Ẹ má bi mí bó ṣe rìn ín. Ọdẹ kì í ka igi tó bá kọjá. Bó ṣe wọ igbó iwin báyìí ló kan ìlú kan tí wọ́n fi amọ̀ funfun kùn láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Ẹnu ibodè mọ́ tóbẹ́ẹ̀ tí ọdẹ fi bọ́ bàtà rẹ̀. Àfi bó ṣe gbójú sókè tó rí ìṣó lára ògiri, tí imú sì kọ́ sórí ìṣó kọ̀ọ̀kan. Imú, mo ní! Imú pẹlẹbẹ, imú gígùn, imú tí ọ̀fìnkìn ṣì ń kán láti inú rẹ̀. Tùú!

Iwin tó ń ṣọ́ ibodè yọjú sí i. Àárín ojú rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ.

"Àlejò, yọ imú rẹ kọ́ síbẹ̀," ó ní. "Ní ìlú Ayọmú, ẹni tó bá gbé imú wọlé, ọba ló tàbùkù."

"Tèmi kò ṣeé yọ," Ọdẹ́dìran dá a lóhùn. "Ọlọ́run ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi."

Wọ́n wọ́ ọ lọ síwájú ọba wọn, Ayọmúsápò, tó jẹ́ pé inú àpò agbádá ló ń tọ́jú imú tirẹ̀ sí. Òórùn tó wà láàfin yẹn, bí a bá kì í sínú ìbọn, á pa erin. Ọba ní kí wọ́n gbé oúnjẹ fún àlejò. Wọ́n gbé ẹja kan wá tí egbò wà lára rẹ̀ káàkiri, tí ọbẹ̀ rẹ̀ ń hó láìsí iná nísàlẹ̀.

"Jẹun, ọdẹ," ọba ní. "Odò wa la ti pa á."

"Kábíyèsí, ibo lẹ̀ ń da ìdọ̀tí yín sí?"

"Ìsàlẹ̀ odò ni. Ibo ni ká tún dà á sí? Òfin wa le gan-an. Àwọn ọ̀bùn tó wà lókè wa ló ń ba tiwa jẹ́."

"Ta ló wà nísàlẹ̀ yín, Kábíyèsí?"

"Kò sẹ́nìkan."

Ọdẹ́dìran wo ojú fèrèsé. Ó rí ibi tí wọ́n ti ń rọ́ ìgbẹ́ ìlú sínú omi, ó rí bí omi náà ṣe yí kọ́nà, ó sì rí òkè Àgbóndó tó yọ lókèèrè lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí àwọn wọ̀nyí ń dàgbẹ́ sí ni àwọn ará Àgbóndó ti ń pọn omi mímu. Gbogbo ohun tó jẹ láti ilé ló bì sórí ẹní ọba.

Àwọn ẹmẹ̀wà pariwo. Wọ́n dì í mú, wọ́n gbé ọ̀bẹ wá pé àwọn yóò gé imú tó kó àbùkù bá ààfin. Bó bá jẹ́ èmi ni, ìbọn ni ǹ bá yìn lù wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi gbọ́n jù mí lọ lọ́jọ́ yẹn, ọjọ́ yẹn nìkan náà sì ni. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Kí Kábíyèsí pẹ́. Kí ẹ tó gé tèmi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi imú tiyín gbóòórùn ààfin yín lẹ́ẹ̀kan péré, kí n lè mọ bó ṣe dára tó kí n tó di aláìnímú."

Oríyìn dùn mọ́ ọba nínú. Ó yọ imú lápò, ó nù ún, ó fi sójú. Láti ìgbà tó ti jọba, kò gbóòórùn rí. Ó fa èémí kan wọlé. Ojú rẹ̀ yí, ó ké "Yéè!", ó sì ṣubú gbì látorí ìtẹ́. Àwọn ẹmẹ̀wà sá lọ síbodè láti lọ mú imú tiwọn, kí wọ́n lè mọ ohun tó pa ọba. Ẹni tó bá ti fi imú sójú, ó ti ṣubú nìyẹn. Ọdẹ́dìran fo gbogbo wọn kọjá, ó gbọ̀nà òkè odò lọ.

Gbogbo ìlú tó tún kàn lókè, ẹjọ́ kan náà ni. Ó dé ìlú àwọn iwin aláró, tí omi aró wọn ti sọ odò di dúdú. Ó dé ìlú àwọn iwin tó ń wa góòlù nínú odò, tí wọ́n ti gbẹ́ ikùn odò títí tí omi fi di ẹrẹ̀. Olúkúlùkù ló ní òkè odò tó fi òfin dè, olúkúlùkù ló ní ìsàlẹ̀ odò tó ń da ìríra sí. Wọ́n ń bú ará òkè, wọ́n sì ń búra pé kò sẹ́nìkan nísàlẹ̀. Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Níbi tí odò ti há sáàárín àpáta méjì, ohun kan dìde nínú omi. Kò sẹ́ni tó lè mọ orí rẹ̀ yàtọ̀ sí ìrù. Ìfófòó ni awọ rẹ̀, ìfun màlúù ni ìgbànú rẹ̀, ọ̀rá ni irun rẹ̀, ìdin sì ń já bọ́ lára rẹ̀. Ewé igi tó wà nítòsí rọ nígbà tó mí. Ọdẹ́dìran yìnbọn. Ọta wọ inú rẹ̀ bí òkò tí a sọ sínú ẹrẹ̀, kò sì ṣe é ní ohunkóhun. Ló bá ṣí ẹnu láti pọfọ̀. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ọfọ̀ kì í jẹ́ bí a kò bá mọ orúkọ ohun tí a ń pè àti orúkọ ìyá tó bí i.

"Kí lorúkọ rẹ?"

"Kì-Í-Ṣe-Tèmi."

"Ta nìyá tó bí ọ?"

Ẹbọra ìríra náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀jẹ̀ dídì já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ìyá mi pọ̀. Gbogbo àwọn tó bí mi ló wò mí lójú tí wọ́n ní kì í ṣe tàwọn, ohun tí wọ́n sì fi sọ mí lórúkọ nìyẹn. Èwo lo fẹ́ pè nínú wọn? Bó o bá ń pè wọ́n, má gbàgbé ìyá mi tó wà ní Àgbóndó."

Ọfọ̀ kú mọ́ Ọdẹ́dìran lẹ́nu. Ohun náà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún un. "Máa lọ," ó ní. "Èmi kì í lọ sókè. Ìsàlẹ̀ ni mo máa ń lọ. A ó pàdé lẹ́yìnkùlé rẹ." Bó ṣe ń kọjá, ó fi ara kan apá ọdẹ. Ọ̀gá mi fi ewé nù ún, ó fi iyanrìn ha á títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ, òórùn náà kò lọ. Títí tó fi kú, kì í fi apá yẹn gbé ọmọ.

Láti ibẹ̀ lọ, omi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé abẹ́ àpáta kan tí omi ti ń sun jáde, ojú ìsun náà kò ju ohun tí àtẹ́lẹwọ́ lè bò. Akàn kéékèèké ń rìn nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ń rí ẹsẹ̀ wọn. Obìnrin arúgbó kan jókòó tì í, ó ń ṣa ewé gbígbẹ kúrò lójú omi. Ọdẹ́dìran dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, ìyá."

"O kú ìrìn, ọdẹ. O ń rùn."

"Ẹ má bínú, ìyá. Ọ̀nà ló kó o ràn mí. Omi ni mo wá bù, èyí tí wọn yóò fi wẹ ọmọ ọmọ mi."

"Ta ló wà lókè yín?"

Ọdẹ́dìran bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Ó bú Ayọmú, ó bú aláró, ó bú àwọn awagóòlù, itọ́ ń ta lẹ́nu rẹ̀. Ìyá jẹ́ kó bú wọn tán.

"Ta ló wá wà nísàlẹ̀ yín?"

"Kò sẹ́nìkan, ìyá. Igbó ni. Lẹ́yìn igbó, ọ̀sà."

Ìyá arúgbó dáwọ́ ewé ṣíṣà dúró. Ó wo ọdẹ bí a ṣe ń wo ọmọ tó ṣu sára níwájú àlejò. Lẹ́yìn náà ló gba kèǹgbè, ó pọn ọ́n kún.

"Má gbé e gba iwájú ilé wọlé," ó ní. "Ìsàlẹ̀ odò yín ni kó o gbà. Bí o bá bá ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ níbẹ̀, fún un mu. Bó o bá fi du ẹnikẹ́ni, á ti rùn kó tó kan orí ọmọ."

Ọdẹ́dìran dúpẹ́. Ó rò ó lọ́kàn pé májẹ̀mú náà rọrùn, nítorí ta ló máa bá nísàlẹ̀ odò Àgbóndó bí kò ṣe eṣinṣin?

Ó padà sílé, ó sì yí gba ẹ̀yìn ìlú. Ọkùnrin tó ti ń gbé ní Àgbóndó láti kékeré ni o, kò dé ìdí ààtàn náà rí. Apá òkè ni wọ́n ti máa ń da nǹkan síbẹ̀ tí wọn á sì sá padà. Ó rì dé orókún. Ìfun tó ti rà ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, omi gbágùúdá ń ta á nímú, ọ̀rá ìgbẹ́ ń bẹ́ bó ṣe ń tẹ̀ wọ́n. Ẹ má di imú, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Nígbà tó la ẹ̀gbin náà já sódì kejì, ó gbọ́ ohùn ọmọdé.

Ìlú kan ló wà níbẹ̀, ọmọ wẹ́wẹ́ ló sì kún inú rẹ̀. Kò ságbà kan láàárín wọn. Wọ́n rù, èérí dúdú wà létí ẹnu wọn, wọ́n tò sétí odò, wọ́n ń fi ewé bu omi tó ń ṣàn bọ̀ láti ààtàn Àgbóndó mu. Ọmọbìnrin kan yíjú padà. Àmì ìbí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, irú èyí tó wà létí Àwẹ̀ró gẹ́lẹ́.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá àgbà," ó ní, ó sì kúnlẹ̀.

"Ta ni yín?" ọdẹ bi í.

"Àwa ni ọmọ tí ẹ ń retí ní Àgbóndó. Ibí là ń gbé ká tó wá bá yín. Ìsàlẹ̀ odò yín ni òkè odò tiwa."

"Ìwọ ni ọmọ Àwẹ̀ró?"

"Èmi ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti wá. Wọ́n ní mo fẹ́ràn àlọ àti àbọ̀. Ta ló fẹ́ràn rẹ̀? Bí mo bá wá, ẹ̀gbin ará òkè lẹ fi ń wẹ̀ mí. Bí mo bá padà, ẹ̀gbin tiyín ni mò ń mu. Bàbá àgbà, ẹ sọ fún mi, apá ibo ni kí n kọjú sí?"

Ọkùnrin tí kò sunkún nígbà tí ẹkùn fa itan rẹ̀ ya sunkún bí aláìsàn. Ó di kèǹgbè mú. Ó rántí Àwẹ̀ró, ó rántí ilẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọmọ náà kò bẹ̀ ẹ́. Wọ́n kàn ń wo kèǹgbè. Ó ṣí i. Ó fún wọn mu lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó kù nídìí rẹ̀ ni ọmọ ọmọ rẹ̀ mu.

Ọmọ náà gbé omi mì, ó sì ya ẹnu. "Ó dùn," ó ní. "Ṣé èyí ni wọ́n ń pè ní omi?"

"Ṣé wàá bá mi lọ wàyí?"

"Ẹ kọ́kọ́ kó tiyín kúrò lórí wa ná." Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú nǹkan kan nínú omi, ó sì di ìkúùkù. "Màá mú èyí dání wá, kí wọ́n má baà sọ pé irọ́ lẹ̀ ń pa."

Nígbà tí Ọdẹ́dìran délé, Àwẹ̀ró ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ń rọbí, ó ń rọbí, ọmọ kò sọ̀. Ìyá Mojére sáré jáde sí i.

"Omi dà?"

"Ó ti tán."

"Ta lẹ fún? Bàbá Àwẹ̀ró, ta lẹ fún?"

"Ẹni tó ni ín ni," ó dáhùn. Ó gbé ọkọ́ àti agbọ̀n, ó padà sísàlẹ̀ odò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀gbin. Bùráímọ̀ alápatà wà níbẹ̀ tó ń fọ ìfun. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá ọdẹ, ṣé ẹran lẹ̀ ń dẹ nínú ìgbẹ́ ni?"

Ọdẹ́dìran gbé ìdì ìfun kan sókè tí wọ́n fi ọ̀rá pupa so lẹ́nu. "Bùráímọ̀, tìrẹ ha kọ́ lèyí?"

"Kì í ṣe tèmi."

"Mo ti pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà," Ọdẹ́dìran ní. "Ó ní kí n kí ìyá òun."

Ó yíjú sí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń kó o lọ sínú kòtò tó gbẹ́ lókè ilẹ̀, ó ń bì, ó ń nu ẹnu, ó tún ń kó o. Ọkọ Àwẹ̀ró gbọ́, ó gbé ṣọ́bìrì dé. Àwọn obìnrin gbé agbọ̀n dé. Gbogbo wọn ń bì, kò sẹ́ni tó lè fi ẹnìkejì ṣe yẹ̀yẹ́. Bí omi ṣe ráyè kọjá láàárín ààtàn báyìí ni igbe ọmọ tuntun ta láti ilé wá.

Ọmọbìnrin ni. Ó di ìkúùkù ọwọ́ ọ̀tún pinpin. Ìyá Mojére rọra tú ìka rẹ̀, gbogbo ilé sì na ọrùn. Ègé ọ̀rá pupa kan ló dì mú, irun màlúù sì lẹ̀ mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n ní Àgbóndó. Bùráímọ̀ wò ó títí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ "kì í ṣe tèmi" lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Kò sómi mímọ́ tí wọ́n máa fi wẹ ọmọ náà. Àdín ni wọ́n fi nù ún, omi òjò tí wọ́n kó jọ sínú ìkòkò ló sì kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí ìsàlẹ̀ odò tiwọn mọ́ tán ni wọ́n tó lẹ́nu láti lọ bá ará Ayọmú sọ̀rọ̀.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn àgbà ní kó máa jẹ́ Málọmọ́. Ọdẹ́dìran kọ̀. Ó ní ọmọ náà kò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ rí, ará ayé ló lé e. Ó sọ ọ́ ní Ẹ-Má-Lé-E-Mọ́.

Jìmọ̀ọ̀, kí lo wá ń wò mí sí? Àjíkẹ́ lo ń pe ìyàwó rẹ látọjọ́ tó ti wọlé rẹ. Orúkọ tó gbé láti Àgbóndó wá, o ò bi í ní ìtumọ̀ rẹ̀ rí. Ìyàwó, na ọwọ́ ọ̀tún rẹ kí wọ́n rí i. Àpá pupa tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ yẹn, ọṣẹ kankan kò bó o rí.

Àwọn àgbà ní ẹni tó da omi síwájú, ilẹ̀ tútù ni yóò tẹ̀. Ìwọ ọ́ìlì lo dà síwájú. Ọmọ tí ẹ̀yin méjèèjì ń retí yìí, Jìmọ̀ọ̀, ibo lo rò pé ó ti mu omi láàárọ̀ yìí?

Ẹ yà lọ́nà fún un. Ṣọ́bìrì ló ń lọ mú.